Lílò Kì Í Ṣe Níní: Láti Ayétòrò dé Ọjà Géèmù Orí Ayélujára

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025, òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ California ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ohun tí òfin náà sọ kò ṣòro láti lóye. Òǹtajà tó bá ń ta géèmù, fíìmù, orin tàbí ìwé lórí ayélujára kò gbọdọ̀ kọ “rà” síwájú oníbàárà mọ́, àfi bí ó bá jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ kedere pé àṣẹ ìlò ni ó ń san owó fún, kì í ṣe ohun-ìní. Ọjà tí ènìyàn lè gbà sílẹ̀ pátápátá, tí ọwọ́ òǹtajà kò sì lè tó mọ́, kò sí lára èyí tí òfin náà ń bá wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ni ti ará Ùgbònlà tàbí ará Àwóyè nínú òfin California. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Ọ̀dọ́ tó jókòó ní Igbókòdá, tó fi fóònù sanwó géèmù bọ́ọ̀lù, inú ọjà kan náà ni òun àti ará California ti ń nájà, irú ìwé àdéhùn kan náà ni wọ́n sì jọ ń fi ìka tẹ̀ láìkà á. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá ń wá ibi tí àwọn ènìyàn ti fi ayé ara wọn dán an wò bóyá lílo nǹkan láìní in lè tẹ́ni lọ́rùn, etí òkun Ìlàjẹ wà lára àwọn ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí. A óò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí géèmù ṣe kúrò ní ohun tí à ń fi ọwọ́ dì mú.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, inú kásẹ́ẹ̀tì oníke ni géèmù máa ń wà. Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Nintendo kọ́kọ́ tà ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1983 ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Éṣíà ṣe àfarawé rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, àfarawé náà ni ó sì wọ ọjà wa ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, eré bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni PlayStation dé, tí àwo rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó ní kásẹ́ẹ̀tì kan lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó lè tà á nígbà tí ó bá sú u. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ẹ̀rọ kan àti àwo mélòó kan dá ilé géèmù sílẹ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sanwó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan, tí owó náà sì ń di owó oúnjẹ. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí Japan láti tọrọ àyè.

Ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń lò láìmọ orúkọ rẹ̀ yìí ní ìtàn. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bobbs-Merrill tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní iye tó dín sí dọ́là kan. Ilé ìtajà Macy's tà á ní sẹ́ǹtì 89. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọdún 1908, àwọn adájọ́ sọ pé bí òǹtẹ̀wé bá ti ta ẹ̀dà kan lẹ́ẹ̀kan, kò lè máa tẹ̀lé ẹ̀dà náà kiri láti pàṣẹ iye tí wọn yóò tún un tà. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ọjà ìwé àlòkù, àwo orin àlòkù àti géèmù àlòkù dúró lé ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Kí a má tan ara wa jẹ o: ọ̀pọ̀ nínú àwo tí a rà nígbà náà kì í ṣe ojúlówó. Àdàkọ ni, láti Alaba àti àwọn ọjà mìíràn, ẹni tó ṣe géèmù náà kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ẹni tó ra àdàkọ ní nǹkan lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè pa láti òkèèrè. Ẹni tó ń san owó òtítọ́ lónìí, tó ń ṣe bí òfin ti wí, ni kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ bí kò ṣe àyè tí wọ́n lè gbà padà. N kò rò pé òfin tó bá bí irú èso bẹ́ẹ̀ lè mú kí àwọn ènìyàn kọ àdàkọ sílẹ̀.

Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Valve ṣí ọjà Steam sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ta géèmù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà kùn sí i. Kò pẹ́ tí ìkùnsínú náà fi rọlẹ̀, nítorí ènìyàn lè wà nínú yàrá rẹ̀ kí ó ra géèmù láàárín òru, kò sì sí àwo tó lè sọnù mọ́. Ìjà gidi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí Microsoft kéde pé Xbox One yóò dí yíyá àti títa géèmù àlòkù lọ́wọ́. Ariwo náà pọ̀ débi pé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Okúdù ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí ẹ̀rọ náà tó jáde rárá. Àwọn oníbàárà rò pé àwọn ti ṣẹ́gun. Ní oṣù Bélú ọdún 2020, Sony gbé PlayStation 5 jáde ní oríṣi méjì: ọ̀kan ní ojú ihò àwo, èkejì kò ní. Èyí tí kò ní ihò fi ọgọ́rùn-ún dọ́là dín ní iye owó. Àwọn ènìyàn fi ẹ̀rín músẹ́ rà á. Ohun tí àṣẹ kò lè fi tipátipá gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀dínwó gbà á.

Bí àṣẹ ìlò ṣe ń pòórá ni a ti rí lóríṣiríṣi. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2009, Amazon nawọ́ láti ọ̀nà jíjìn wọ inú ẹ̀rọ ìkàwé àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì pa ìwé George Orwell tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ rẹ́, nítorí pé ẹni tó kó ìwé náà wá sórí ọjà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé ọwọ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, Nintendo ti ọjà orí ẹ̀rọ Wii U àti 3DS rẹ̀ pa. Géèmù tó jẹ́ pé orí ọjà wọ̀nyí nìkan ni ó wà kò ní ibi tí ènìyàn ti lè rà á mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, Ubisoft pa àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù The Crew ń gbára lé. Géèmù náà ti wà lọ́jà láti ọdún 2014. Ẹni tó rà á lórí ayélujára kò lè ta á mọ́, ẹni tó sì ní àwo rẹ̀ nínú páálí kò lè ta á mọ́ bákan náà. Àwo náà ṣì ń dán, ṣùgbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn kankan.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ó mú kí n máa ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé kí gbogbo wa ṣáà padà sídìí àwo, kí wàhálà tán. Àwo ayé òde òní kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Lára èyí tí Nintendo ń tà fún Switch 2 láti ọdún 2025, a rí oríṣi káàdì kan tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ lásán; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni géèmù fúnra rẹ̀ yóò ti wá.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn alágbàwí àwo pátápátá ni ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tó ń gbé Surulere tàbí Ìbàdàn lè fi ojú kékeré wo ìrọ̀rùn, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà sí i. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé Igbókòdá, níbi tí olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ àwo yóò san owó ọkọ̀ kún owó àwo, tàbí kí ó dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Warri. Bí àwo bá dé, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń dúró dè é. Irin ẹ̀rọ a máa dípẹtà níbẹ̀ kíákíá, ọ̀rinrin a sì máa wọ inú páálí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òkun wà níbẹ̀.

Ayétòrò ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí wọ́n ti rí inúnibíni nítorí pé wọ́n tako ìrúbọ àti pípa ìbejì, kóra jọ sí etí òkun lábẹ́ Ethiopia Ọtà, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó lórí ẹrẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà. Wọ́n pinnu pé kò ní sí ohun-ìní àdáni láàárín àwọn. Ẹja tí ọkùnrin pa, aṣọ tí obìnrin hun, gbogbo rẹ̀ ń wọ àpò kan ṣoṣo. Láti inú àpò náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde fún olúkúlùkù. Ìlú náà kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, ó hun aṣọ, ó rán bàtà, ó yan búrẹ́dì. Nígbà tó di ọdún 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn àlejò láti òkè òkun wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1977 lórí bí ìlú náà ṣe gòkè àti bí ó ṣe ń rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ará Ayétòrò kò ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wa ọkọ̀ tó dára ju èyí tí àdáni lè rà lọ. Kò ní ilé, ṣùgbọ́n ó ń sùn lábẹ́ òrùlé. Kò ní jẹnẹrétọ̀, iná sì ń tàn lórí rẹ̀. Fún nǹkan bí ogún ọdún, àìní-ohun-ìní kò di òṣì fún wọn. Ó di ọrọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé lílò láìní jẹ́ ìrẹ́jẹ nígbà gbogbo kò tíì ka ìtàn Ìlàjẹ.

Ó ní ìhà kejì. Nítorí pé ohun gbogbo jẹ́ ti àjọ, kò sí èyí tí ẹnì kan lè tọ́ka sí pé tèmi nìyí kí ó sì mú un lọ. Ọba àti àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú. Nígbà tó di ọdún 1968, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Wọ́n fàyè gba iṣẹ́ àdáni, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, ohun kan wà tí kò sí nínú àdéhùn géèmù: ẹni tó ń lo ọkọ̀ náà jọ ń gbé ìlú kan pẹ̀lú ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Wọ́n jọ ń jọ́sìn, wọ́n jọ ń jẹun, ọmọ wọn jọ ń dàgbà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ebi rẹ̀ yóò pa àwọn méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Paris tàbí Seattle kò mọ̀ bóyá Àwóyè wà láyé. Bí ó bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ebi kankan kò ní pa á.

Lẹ́yìn náà ni òkun dé. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún báyìí ni omi ti ń jẹ Ayétòrò. Ilé ìjọsìn, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, itẹ́ òkú àti ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti wọ inú òkun lọ. Iṣẹ́ ìdènà omi tí àjọ NDDC gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004 kò dáàbò bo ìlú náà. Àwọn ìdílé kan ti ṣí kúrò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń sún sẹ́yìn bí omi ti ń sún síwájú. Wọ́n ní ilé wọn dáadáa. Òun ni omi kó lọ. Ohun-ìní tí ènìyàn fi ọwọ́ dì mú kò ní ẹnì kan tí a lè pè lẹ́jọ́ nígbà tí ìjì bá gbé e.

Ẹ fi géèmù sínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ní ogún àwo, tí omi sì wọ yàrá rẹ̀ ní òru, ogún àwo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀dọ́ tó rà á lórí àkáǹtì yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Igbókòdá tàbí Okitipupa, yóò tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn, gbogbo géèmù rẹ̀ yóò sì jáde síta, títí kan ibi tí ó bá eré dé bí ó bá ti fi pamọ́ síbẹ̀. Èyí kì í ṣe ìrọ̀rùn ọ̀lẹ. Fún ẹni tí ilẹ̀ ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ààbò ni.

Síbẹ̀, ìrọ̀rùn náà fúnra rẹ̀ ní owó orí tí àwọn ará California kì í san. Géèmù ńlá òde òní lè wọn ju ọgọ́rùn-ún gígábáìtì lọ. Ẹ ṣírò dátà rẹ̀. Ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún un, nítorí pé gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn láìrí iná ìjọba. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ káàdì báńkì. Láàárín ọdún 2022 sí 2023, ọ̀pọ̀ báńkì wa dáwọ́ dúró pé káàdì náírà kò ní lè sanwó nílẹ̀ òkèèrè mọ́. Nígbà tí náírà sì wá ṣubú láti oṣù Okúdù ọdún 2023, géèmù ọgọ́ta dọ́là di owó tí òṣìṣẹ́ kan ń gbà lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú owó bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn san án fún ohun tí kò lè tà nígbà tí ebi bá dé, èyí ni mo kà sí ìwúwo tó tẹ òṣùwọ̀n náà jù. Olówó lè pàdánù géèmù kan kí ó gbàgbé rẹ̀. Fún mẹ̀kúnnù, àlòkù tó ṣeé tà jẹ́ owó ìfowópamọ́.

A kò ṣàjèjì sí dídi nǹkan mú lórí àyè ẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé tí a fi ń yangàn pé a ní ilẹ̀, ìwé àṣẹ ìgbélẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí gómìnà bá gba àṣẹ náà padà fún ìlò gbogbo ènìyàn, òfin kan náà ní kí ó fún ni ní ìwé ìkìlọ̀, kí ó sì san owó gbà-má-bínú lórí ohun tí a kọ́ síbẹ̀. Ṣáájú èyí, àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò ní ilẹ̀ tó ń ro, gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti hùwà àìtọ́ sí onílẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣàdédé jí ní òwúrọ̀ kí ó lé e kúrò; àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá lè jogún oko náà. Àwọn baba wa tí kò mọ kọ̀ǹpútà ti ṣe àṣẹ ìlò tó ní ọ̀wọ̀ nínú ju èyí tí a ń fi ìka tẹ̀ lónìí lọ. Àwọn náà ló sì sọ pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Kò sì pọn dandan kí yíyàn náà jẹ́ méjì péré. Láti ọdún 2008 ni ọjà kan tó ń jẹ́ GOG ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbà sílẹ̀ pátápátá, kí ó tọ́jú rẹ̀ sórí ohun ìfipamọ́ tirẹ̀, láìsí pé ó ń béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣí i. Kò ní gbogbo géèmù. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn jù kò pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìrọ̀rùn àti níní lè gbé inú ilé kan náà bí òǹtajà bá fẹ́. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni òfin California yọ sílẹ̀. Fún ìyókù, èrò mi ni pé iye tí à ń san fún ohun àyálò ni kí a máa san: kí a dúró de ẹ̀dínwó, kí a má sì fi owó ohun-ìní ra àyè.

Àwọn ará Yúróòpù ti gbé tiwọn dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Lẹ́yìn tí The Crew kú, ìpolongo kan tí Ross Scott dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ìbuwọ́lù pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ má máa pa géèmù tí wọ́n ti tà. Nígbà tó di oṣù Agẹmọ ọdún 2025, iye àwọn tó buwọ́ lù ú ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ti wa, òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà nílẹ̀, ó sì tako àdéhùn tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ. Àjọ FCCPC tó ń fi òfin náà ṣiṣẹ́ ní Àbújá kì í ṣe ajá tí kò léyín: ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp. Àjọ tó lè bá Meta sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta géèmù fún ọmọ Igbókòdá pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ “rà” sójú fóònù rẹ̀.